Orí Tí Mo Mì

Wọ́n ní orí ẹni ló ń gbéni débi ire. Èmi ò dúró de tèmi, ńṣe ni mo mì í.

Ọmọ Rọ́ṣíà ni mí, bàtà onírin ni mo fi ń jó lórí yìnyín. Mo wá díje ní Sófíà, olú-ìlú Bùlgáríà, Tsvyatko tó jẹ́ ọ̀gá àwọn oníjó wọn bá bi mí: "Rima, ọmọ mi, ṣé wàá máa jó fún Bùlgáríà?"

Mo mi orí pé rárá. Ó dì mọ́ mi! Àṣé níbí, ẹni tó bá mi orí ti gbà nìyẹn.

Ojú tì mí láti ṣàlàyé. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣubú lábẹ́ àsíá wọn.

Lánàá, ọmọbìnrin mi bi mí: "Màámi, ṣé ẹ kábàámọ̀?"

Mo mi orí.

"Orí mímì ti Rọ́ṣíà ni àbí ti ibí?"

Mo tún mi orí.