Ẹja Orí Ẹ́ńjìnnì

Tírélà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wà. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà rẹ̀, ẹ pè é ní awakọ̀ obìnrin; awakọ̀ lòun ń jẹ́, ó parí. Ní ọgbà ọkọ̀ tí mo ti ń lẹ táyà, Àǹtí Bọ́nẹ́ẹ̀tì la máa ń pè é, torí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti ń dáná.

Àìsàn ló sún un débẹ̀. Ọgbẹ́ inú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́dún kan, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan ata, kò gbọdọ̀ febi panú. Àwọn olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì rèé, wọ́n ń da ata sí ọbẹ̀ bí ẹni ń bá ọ̀tá jà. Ló bá ń fi fọ́ìlì wé ẹja àti ọ̀dùnkún, á fi wáyà so ó mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná jù, á sì máa wakọ̀ lọ. Kó tó débi tí yóò já ẹrù sí, oúnjẹ ti jinná. Mo ti jẹ níbẹ̀ rí. Ó ń rùn bí epo dísù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn.

Máníjà tuntun dé, ó ní ọkọ̀ kì í ṣe sítóòfù, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò gba ilé lọ. Kò sọ ohun tí ẹni tí inú ń ta yóò máa jẹ. Ìyẹn ló bí mi nínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ wọ ọgbà tòun ti òórùn ẹja. Máníjà ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo wa.

"Màdámù, ẹ jù ú nù, tàbí kẹ́ ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá."

Ẹ̀gbọ́n mi kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó tú oúnjẹ rẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó ń jẹ, kò kánjú. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ ni tiyín, ẹ gbà á," ló wí. "Inú yìí ni tèmi. Mi ò ní jẹ́ kó tún ṣẹ̀jẹ̀ mọ́ nítorí yín."

Ẹrù mìíràn ń dúró de ọkọ̀ náà. Máníjà pe Bàbá Pẹ̀lẹ́, tó dàgbà jù nínú àwọn awakọ̀, pé kó gbé ọkọ̀ náà jáde. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́, kò jiyàn. Ó mú fọ́ìlì tirẹ̀ jáde nínú báàgì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi yá òun ní wáyà, ó sì so ó síbi tí tẹ̀gbọ́n mi wà tẹ́lẹ̀. Máníjà wo àwọn awakọ̀ yòókù. Gbogbo wọn ti ń ṣí báàgì.

Nígbà tó yá, Máníjà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mi ò tíì jẹun tán."