Ọkọ̀ Tí Òjò Kò Gbọdọ̀ Pa

Nílé àbúrò mi ní Roodepoort, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, ọkọ̀ kan wà tí ó ní bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Ọ̀kan jẹ́ òwú rírọ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi bò ó kí eruku má baà ha ọ̀dà ara rẹ̀. Èkejì nípọn, ti òtútù ni. Oṣù Okúdù ni mo wá bá wọn gbé lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òtútù ìlú yìí sì mú mi débi pé mo bẹ ìyàwó wa, ìyẹn ìyàwó àbúrò mi, kí ó bá mi wá nǹkan tó nípọn díẹ̀ sí i bora. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, èyí tó nípọn jù nínú ilé yìí, ó ti ní ẹni tó ń fi í bora. Gáráàjì ló ń sùn."

Ọkọ̀ àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ṣe fún eré sísá nígbà tí èmi ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àga méjì péré ló ní. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ronú lórí bí yóò ṣe jáde. Nígbà tí àbúrò mi rà á, ó ti dípẹtà, koríko ti hù gba ilẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe. N kò bá a jà nítorí ìyẹn, nítorí ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan ṣe máa ń wù mí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé lẹ́yìn tí ó tún un ṣe tán, kò ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ mọ́. Kò gbé wa lọ sọ́jà rí. Kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí mọ́sálásí. A kì í wọ bàtà wọ inú rẹ̀, a kì í mu omi nínú rẹ̀, òjò kò sì gbọdọ̀ pa á. Àárọ̀ Sọ́ńdè tí ojú ọ̀run bá mọ́ ni yóò gbé e jáde, yóò wà á yí àdúgbò ká bí ẹni gbé ẹyin sórí àtẹ́lẹwọ́, yóò gbé e padà, yóò sì nù ún.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní irú rẹ̀ máa ń wá ní ọ̀sán Sátidé. Ọmọ ilẹ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn, oníṣègùn, olùkọ́ yunifásítì, ènìyàn gidi bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn. Dókítà eyín kan ni olórí wọn, tí ó máa ń kí ọkọ̀ kí ó tó kí ìyàwó wa. Wọn yóò dúró yí i ká, wọn yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn yóò sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ló ń sùn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn ni "àtilẹ̀wá". Wọ́n ní ọkọ̀ tí kò bá rí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, ayédèrú ni.

Nígbà tí wọ́n lọ tán lọ́jọ́ kan, mo bi àbúrò mi léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mo ṣe máa ń bi ọmọ tí ìṣirò rẹ̀ kò bá yọrí. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ńkọ́? Ó ní irin tuntun ni. Aṣọ òrùlé? Tuntun. Awọ àga? Tuntun, láti òkè òkun. Ọ̀dà? Wọ́n ti ha ti tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ́ńjìnnì? Wọ́n tú u, wọ́n pààrọ̀ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní kí ló wá kù tó jẹ́ àtilẹ̀wá. Ó ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní ó dára, mo fún un ní máàkì kan.

Mo tún bá wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń díje, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé-ìtajà ńlá kan. Mo ti máàkì ìwé ọmọ ẹlòmíràn títí ojú mi fi gba gíláàsì, mo sì mọ ìgbà tí máàkì bá ṣe déédéé. Àwọn ọkùnrin tó ní ewú lórí dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré láti wo abẹ́ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Wọ́n yọ máàkì lára ti àbúrò mi nítorí ìdè kékeré kan tó di rọ́bà omi mú. Ìdè náà dì í mú dáadáa, omi kò jò, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ilé-iṣẹ́ lò. Ọkọ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà, orí ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n gbé e lé wá. Kò fi táyà ara rẹ̀ tẹ títì. Mo wò ó títí. Bí ọmọ kan bá ní kí wọ́n gbé òun wá síbi eré ìje, kí wọ́n sì gbé òun kọjá ìlà, èmi kò ní fún un ní ife. Àbúrò mi kò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí ìdè rọ́bà.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni ọmọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, tí ọkọ̀ ọ̀hún ṣì jẹ́ òkìtì irin, òun ló máa ń bá bàbá rẹ̀ di tọ́ọ̀ṣì mú nínú gáráàjì. Ó ń fi aṣọ nu bọ́ńpà títí yóò fi rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Òun nìkan ni wọ́n ń gbà láyè láti wọ bàtà sínú ọkọ̀ náà. Ìyàwó wa sọ fún mi pé ìgbà púpọ̀ ni òun lọ gbé e lójú oorun lórí àga tí wọn kò tíì fi awọ bò. Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, ọkọ̀ yìí ni òun yóò fi gbé e lọ, àwọn méjèèjì nìkan, òrùlé ní ṣíṣí. Ó sọ ọ́ lásọtúnsọ títí ó fi di ọ̀rọ̀ ilé. Bí ìyàwó wa bá ráhùn pé ọkọ̀ yìí ń gba gbogbo Sátidé lọ́wọ́ wọn, ọmọ náà ni yóò dá a lóhùn pé ọkọ̀ yìgì òun ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ó dàgbà, ó di apòògùn, ó rí ọkọ. Bàbá rẹ̀ àti bàbá ọkọ jókòó, wọ́n mú ọjọ́: Sátidé kan nínú ìgbà ooru, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ní mọ́sálásí kan ní Mayfair. Ẹni tó bá ti gbé Johannesburg mọ ohun tí ọ̀sán ìgbà ooru máa ń ṣe níbí. Ojú ọ̀run yóò mọ́ ní àárọ̀, yóò ṣú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àrá yóò sán, nígbà mìíràn yìnyín yóò sì já bọ́, tó tó ẹyin ẹyẹlé. Ẹnjiníà ni àbúrò mi. Kò rántí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyàwó tuntun ti wọṣọ tán, ó jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú làálì lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu gáráàjì, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i pé òjò ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, kí ó má dán an wò. Dókítà eyín kò tilẹ̀ kọ̀wé, ó wá fúnra rẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílé. Ó ń tọ́ka sí ìkùukùu bí ẹni ń tọ́ka sí eyín tó jẹrà.

Àbúrò mi wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi bá ọmọ yẹn sọ ọ́. Ẹ ṣáà rí ojú ọ̀run."

Mo ní, "Mo rí i. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣèlérí."

Ó wọlé, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé irin ọkọ̀ náà tín-ín-rín, pé irú ọ̀dà yẹn kò ṣe é kùn lábùlẹ̀, pé irú rẹ̀ tó kù ní orílẹ̀-èdè yìí kò pọ̀. Ó sọ pé títì Mayfair há, àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lè fi apẹ̀rẹ̀ ha á. Àlàyé náà gún régé, kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọmọ náà jẹ́ kí ó parí. Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti bàbá rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Yorùbá ló fi dáhùn.

"Dádì, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ nígbà tí mo ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún yín?"

"Mo rántí. Àmọ́ n kò mọ̀ pé ìgbà òjò ló máa bọ́ sí."

"Ẹ̀yin lẹ mú ọjọ́ náà."

Ọmọ náà dìde, ó kó etí aṣọ rẹ̀ jọ, ó sì yíjú sí mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ."

Ọkọ̀ tèmi, àlòkù tí mo rà níbí, kéré, oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ó máa ń dáhùn. Ìyàwó tuntun jókòó níwájú, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn, àbúrò mi àti dókítà eyín tẹ̀lé wa nínú ọkọ̀ ńlá ilé. Mo ń wa jẹ́jẹ́, mo ń dúró ní gbogbo róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú pópó níbí. A kò tíì rìn jìnnà tí àrá àkọ́kọ́ sán. Ìyàwó wa bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Wọ́n ti yà o." Mo wo dígí. Lóòótọ́, ọkọ̀ ńlá ti yí padà, ó ń lọ sílé.

Yìnyín bá wa lójú ọ̀nà. Mo fi ẹ̀yìn yà sábẹ́ òrùlé ilé-epo kan, àwọn tákísì ti kún ibẹ̀ dé etí, ìdí ọkọ̀ mi nìkan ló ráyè wọlé. Ariwo yìnyín lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta epo rí aṣọ funfun nínú ọkọ̀, ó mi orí, ó ní "eish", ó sì ní kí tákísì kan sún díẹ̀ kí a lè wọlé tán. Nígbà tí ó dá, ìyàwó tuntun sọ̀kalẹ̀, etí aṣọ rẹ̀ sì wọ inú omi. Ó mú yìnyín kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ tó lé làálì, ó ń wò ó bí ó ṣe ń yọ́. Lẹ́yìn náà ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, tí ó ti rí bí ojú ẹni tí olóde bá jà. Ó ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́." Mo ní kí ó wọlé, yìgì ń dúró dè wá.

Yìgì dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ló dúró dè. Bàbá ọmọ ni walíyù, òun ló ní láti fi ọmọ fún ọkọ níwájú ìmáàmù. Wọ́n kírun tán, wọ́n jókòó, ìmáàmù béèrè walíyù, kò sí. Ó ní kò burú, kí a mú sùúrù. Àwọn ará ilé ọkọ ń wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo wa, wọ́n tún ń wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá ọkọ rọra béèrè lọ́wọ́ ìyàwó wa bóyá nǹkan kan wà tí inú bàbá ọmọ kò dùn sí. Ọmọ náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Oòrùn ti ń lọ kí àbúrò mi àti dókítà eyín tó wọlé. Àbúrò mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ó ní yìnyín ló dá òun dúró. Gbogbo wa tó wà nínú mọ́sálásí náà ni etí aṣọ wa tutù, tí bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà kún fún omi. Agbádá tirẹ̀ gbẹ fáú. Mo rí i tí ọmọ rẹ̀ wo agbádá náà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, tí ó sì yí ojú rẹ̀ kúrò.

Dókítà eyín ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù fún mi níta, ó kà á sí àwàdà. Ó ní wọ́n padà nítorí pé àbúrò mi kò lè rántí bóyá òun ti ilẹ̀kùn gáráàjì. Mo ní ṣé wọ́n wá bá a ní ṣíṣí. Ó ní rárá, títì ni wọ́n bá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti débẹ̀, yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dúró ti ọkọ̀ náà nínú gáráàjì títí ó fi dá.

Wọ́n so yìgì, ó dùn, ìmáàmù ṣàdúà. Nígbà tí a jáde, ojú ọ̀run ti mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àbúrò mi sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní òjò ti lọ, kí ó jẹ́ kí òun sáré lọ gbé ọkọ̀ náà wá báyìí, kí òun fi gbé e dé ilé ọkọ rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó kí i dáadáa. Ó ní, "Ẹ má ṣe wàhálà, Dádì. Ibi tí mò ń lọ kò jìnnà." Òun àti ọkọ rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ, lórí yìnyín tí kò tíì yọ́ tán.

Àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi yìn ín gan-an lórí fóònù. Wọ́n ní ẹlòmíràn ì bá ti jẹ́ kí aṣọ ìyàwó tan òun gbé ọkọ̀ jáde sínú òjò. Níbi ìdíje tó tẹ̀lé e, ó gba ife, ìdè rọ́bà tuntun ti dé láti òkè òkun. Ife náà wà lórí pẹpẹ ní pálọ̀. Ìyàwó wa kò nù ún.

Ọmọ náà kò tíì wá sílé láti ìgbà náà. Ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń pe èmi, ó ń kí bàbá rẹ̀ láti ẹnu wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi jáde bá mi níta níbi tí mo ti ń fọ ọkọ̀ mi. Ó kó sípánà àti òòlù onírọ́bà dání. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ gbogbo kòtò yìí. Ẹ kò ní mọ̀ pé yìnyín lù ú rí."

Mo ní kí ó gbé òòlù sílẹ̀. Mo ní, "Ọkọ̀ mi kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Lọ wo ọmọ rẹ."

Ó dúró, ó ń yí òòlù náà lọ́wọ́. Ó béèrè bóyá ọmọ náà yóò ṣílẹ̀kùn fún òun. Mo ní bí ó bá gba inú òjò lọ, yóò ṣí i. Ó mi orí fún ìgbà pípẹ́ bí ọmọ tí ẹ̀kọ́ ti yé. Ó ní òun yóò lọ ní Sọ́ńdè, bí ojú ọ̀run bá mọ́.