Ìpè Tí Mo Fi Pamọ́ ní Berlin

Fóònù Divine dún lẹ́ẹ̀mẹta nínú àpò mi kí n tó yọ ọ́ síta. Ìdajì àkọ́kọ́ ìdíje ṣì ń lọ lọ́wọ́, ariwo àwọn èrò Berlin sì ti gba gbogbo gbọ̀ngàn ìdíje náà kan. Mo wo ojú fóònù: "Big Sister". Mo mọ ibi tí ìpè yẹn ti ń bọ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú iṣan àti oríkèé àwọn agbábọ́ọ̀lù: kí n fi tápù di ọrùn ẹsẹ̀ wọn kó má baà yẹ̀, kí n wọ́ itan tó bá le, kí n sì sọ fún Trainer, kóòṣì wa, bí ẹnìkan ò bá lè sáré mọ́. Physio ni gbogbo wọn ń pè mí, àfi Divine tó ń pè mí ní Anti. Sáà 2018 sí 2019 nìyẹn, ọdún àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ básíkẹ́tì wa ní Lurup, ní Hamburg, bẹ̀rẹ̀ sí í gba agbábọ́ọ̀lù síṣẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ló ń gbá a. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọṣẹ́.

Trainer ní òfin kan. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo fóònù á wọ inú àpò mi, wọn ò sì gbọdọ̀ jáde títí a ó fi parí.

Ọmọ Cameroon ni Divine, láti apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ogun ti ń jà láàárín ṣọ́jà ìjọba àti àwọn tó fẹ́ dá dúró. Ọmọ Cameroon ni Serge náà, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n ń sọ níbi tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jẹ́ ṣọ́jà tí wọ́n rán lọ sí agbègbè Divine. Ẹgbẹ́ ti gba ilé kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì ní àjà kọkànlá ní àdúgbò Osdorfer Born kí ẹnikẹ́ni tó ronú sí i. Láti oṣù kọkànlá, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Tẹ́ ẹ bá wò wọ́n lórí pápá, ẹ ò ní mọ̀. Serge ló máa ń pín bọ́ọ̀lù, Divine ló ga jù, tó ń dúró sábẹ́ agbọ̀n. Bọ́ọ̀lù á kúrò lọ́wọ́ Serge, á bá Divine lókè. Tí wọ́n bá dé yàrá ìmúra, oníkálukú á kọjú sí ògiri. Mo bi Serge nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, "Physio, kí ni kí n sọ fún un? Pé kó máa gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo gbé ìpè náà. Pidgin ni ẹ̀gbọ́n Divine fi bá mi sọ̀rọ̀, ó ń mí gúlegúle. Wọ́n ti dáná sun abúlé wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òun ò mọ ẹni tó dá a. Gbogbo èèyàn ti sá wọgbó, òun ò sì rí ìyá wọn.

"Ẹ fún un ní fóònù, ẹ jọ̀ọ́. Bátìrì mi ti ń kú lọ."

"Ó wà lórí pápá, mà. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, mo fa Trainer sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ nu ojú. Gbogbo wa la mọ̀ pé tá a bá pàdánù lọ́jọ́ yẹn, ìpele ìsàlẹ̀ la ń padà sí, àdéhùn iṣẹ́ àwọn tó ti òkèèrè wá á sì dópin. Iṣẹ́ yẹn ni Aufenthaltstitel Divine rọ̀ mọ́, ìwé tó ń jẹ́ kó lè gbé Germany.

"Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù," Trainer wí. "Kí lo rò?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀ ná."

Mo wọlé lọ tún tápù ẹsẹ̀ Divine dì. Ó wo ojú mi. "Anti, fóònù mi ò dún?"

"Rárá."

Nínú ìdajì kejì, fóònù náà gbọ̀n ní ìbàdí mi lẹ́ẹ̀mejì sí i, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mi ò rí Divine kó gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Serge ju bọ́ọ̀lù sókè láìwẹ̀yìn, Divine fò, ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú agbọ̀n. Àmì kan ṣoṣo la fi borí. Wọ́n gbé e sókè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò.

Ó gba fóònù, ó wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹnìkan ti gbé ọ̀kan nínú àwọn ìpè yìí. Anti, ẹ̀yin lẹ gbé e."

"Èmi ni." Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un.

Ó pè. Kò wọlé. Ó pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún pè. Lẹ́yìn náà ló wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ní kò dún." Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo.

Ó lóun ò ní wọ bọ́ọ̀sì wa padà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Anti Bísí, ní àdúgbò Wedding ní Berlin níbẹ̀. Ó gbà nítorí kò níbòmíì tó lè lọ. Serge, tó ti gbọ́ ohun tí mo sọ fún Divine, náà gbé àpò rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ U6, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ síbẹ̀.

Anti Bísí gbé ìrẹsì fún wọn, ó wá fà mí wọ ilé ìdáná, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un.

"Fúnmi, ìyá ta ni?"

"Ìyá Divine ni."

"Ta ló wá fún ẹ láṣẹ láti gbé ọ̀rọ̀ ìyá onítọ̀hún pamọ́ fún un?"

"Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni, Anti. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀..."

"Ṣé o bi í?"



Nígbà tá a padà sí pálọ̀, Serge ń sọ Faransé lórí fóònù. Divine ti dìde dúró, mo sì rò pé wọ́n fẹ́ jà. Serge yí sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí lorúkọ màmá ẹ?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ nìyẹn láti oṣù kọkànlá. Divine wò ó títí, ó wá dárúkọ ìyá rẹ̀. Serge pe lẹ́tà orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú fóònù.

Ẹ̀gbọ́n Serge ò ṣèlérí kankan, òun kọ́ ló sì rí ìyá náà. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n Divine tó lè pè: ìyá wọn ti fẹsẹ̀ rìn dé ilé àwọn ajíhìnrere kan ní ìlú kejì. Bàbá wọn àgbà ò lè sáré. Ó kú sínú iná.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo sọ fún Trainer pé mi ò ní gba fóònù ẹnikẹ́ni tógun ń jà nílé rẹ̀ mọ́. Ó gbà. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ báyìí máa ń béèrè ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé èèyàn lè mọ ara agbábọ́ọ̀lù délẹ̀, kó wá rò pé òun ti ní àṣẹ lórí ìyókù rẹ̀.

Nígbà tí sáà parí, ẹgbẹ́ mìíràn gba Divine. Mo lọ sin ín ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Altona. Kò retí mi, ṣùgbọ́n kò lé mi. Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra kó tó sọ̀rọ̀.

"Anti, mi ò tíì lè dárí jì yín. Mò ń gbìyànjú."

"Má kánjú," mo dá a lóhùn.

Ó mi orí bí ẹni tó gbà, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì wọlé.