Etí Ni Kó O Fi Yẹ Ibẹ̀ Wò

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bá àwọn èèyàn tọ́jú ọmọ nínú yàrá iwájú ilé mi. Ìyá Wẹẹrẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Àwọn ọmọ tí mo pọ̀n ti di lọ́yà, wọ́n ti di awakọ̀, ọ̀kan tilẹ̀ ti di olè. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ mi, ilé ìyá ẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Kò sí ọmọ kan tó ṣubú lọ́wọ́ mi rí. Ẹ bi wọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi bímọ, tí ìsinmi ìbímọ rẹ̀ wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀nà jíjìn sì ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ta ló tún fẹ́ gbé ọmọ fún nígbà tí èmi ṣì wà láyé? Àfi bó ṣe yọ ìwé kékeré kan jáde, tó ní òun fẹ́ lọ wo ibi ìtọ́jú ọmọ méjì ná.

"Kí ló ṣe tèmi?" ni mo bi í.

"Kò ṣe nǹkan kan, Màámi. Mi ò fẹ́ kó wàhálà bá yín ni. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó."

Inú bí mi burúkú, àmọ́ mo tẹ̀lé e. Mo ní bó bá máa wò ó, kó wò ó bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ìyá ọmọ. "Má sọ fún wọn pé ò ń bọ̀. Bó o bá dé ẹnu ọ̀nà, má tíì kanlẹ̀kùn. Dúró, kó o tẹ́tí sílẹ̀. Wọ́n lè kun ògiri, wọ́n lè to nǹkan ìṣeré kún ilé, ojú ni ìyẹn ń tàn. Etí ni kó o fi yẹ ibẹ̀ wò."

Níbi àkọ́kọ́, a dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ka bàtà ọmọ mẹ́rìnlá níta, mo mi orí. "Ibí yìí dákẹ́ jù. Ọmọ mẹ́rìnlá nínú ilé kan, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu? Wọ́n ń lù wọ́n ni!" Ọmọ mi wò mí títí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì.

Níbi kejì, obìnrin tó ni ibẹ̀ ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó tún un sọ. Èèyàn ayé òde òní, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pọn omi sẹ́nu. Bá a ṣe jáde, mo ní, "Ẹni tí kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀, òun ló máa kọ́ ọmọ lọ́rọ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbé ọkọ mi kékeré fún mi, jàre." Lẹ́yìn náà ló ní bí òun bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, òun á gbé e fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, ká fi wò ó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ yẹn dùn. Mo wẹ̀ ẹ́, mo fi òróró pa á lára, mo pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, mi ò sọ fún ẹnì kan. Ọmọ oṣù mẹ́fà, ó ti wúwo! Bí ìyá rẹ̀ bá dé nírọ̀lẹ́, màá máa fọ́nnu: "Ọmọ rẹ kì í sunkún lọ́dọ̀ mi. Bó bá ti sùn, ó di ìgbà tí mo bá lọ jí i."

"Kì í sunkún rárá, Màámi?"

"Rárá o! Ọwọ́ àgbà ni."

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìrọ̀rí ká a mọ́. Mo jókòó sí pálọ̀, mo kẹ̀yìn sí yàrá, mo ń ká nápìkìn rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí ẹnì kan ṣe gbá mi léjìká mú. Ọmọbìnrin mi ni, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Kí n tó béèrè pé kí ló dé, ó ti kọjá wọ yàrá.

Ọkọ mi kékeré ti já bọ́ sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sísàlẹ̀ igi bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fà á jáde, ojú rẹ̀ ti wú, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Mo rí i pé ó ń ké. Mo rí i ni, mi ò gbọ́ ọ.

Ọmọ mi sún mọ́ etí mi, ó pariwo: "Mo wá láìsọ, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ igbe rẹ̀! Aládùúgbò yín ní ojoojúmọ́ ni!"

Ojoojúmọ́. Gbogbo oorun tí mo fi ń fọ́nnu yẹn, igbe ló wà níbẹ̀. Ọmọ ń pe èèyàn, èmi ń ká nápìkìn.

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó jókòó tì mí, ọmọ wà láyà rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. "Ibi àkọ́kọ́ tá a lọ yẹn, Màámi, orin ni wọ́n ń kọ. Èrò ojú títì ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ yẹn ni mo ti fura. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lójú yín. Ẹ̀bi mi ni."

Ohun tó pa mí nìyẹn. Nítorí kí ojú má bàa tì mí ló ṣe gbé ọmọ rẹ̀ fún mi. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ọpẹ́ ni pé egungun rẹ̀ kankan ò ṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, a gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọrin. Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀, èmi náà ni mo ní kó jẹ́ ibẹ̀.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí. Bí a bá lọ mú un nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ọmọ mi ni mo máa ń dúró sí. Lánàá, bí ọmọ náà ṣe rí wa, ó na ọwọ́ sí mi, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ti lé sí i lójú. Mo kà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ gbọ́, Màámi? Ẹ̀yin ló ń pè!"

Tẹ́lẹ̀, màá ti ní mo gbọ́.

"Mi ò gbọ́, ọmọ mi," ni mo wí. "Báwo ló ṣe pè mí?"

Ó gbé ẹnu sí mi létí, ó pè mí bí ọmọ náà ṣe pè mí. Ti ìyá ni mo gbọ́. Ti ọmọ, mi ò gbọ́ ọ.