Fọ́tò ọkọ mi tí Délé gbà fún wẹ́bùsáìtì

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Ẹ fi ìmọ̀ràn yín pamọ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Délé, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣe wẹ́bùsáìtì tí mo fi ń ta sùtánà tí mò ń rán. Mo sanwó ẹ̀ pé. Ó tún gba fọ́tò olóògbé ọkọ mi, ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́ mi, níbi tó ti wọ sùtánà tí mo kọ́kọ́ rán láyé mi. Ó ní òun máa gbé e síbẹ̀.

Lónìí, mo ká a mọ́ ọjà Barking, ní London níbí.

"Fọ́tò mi dà?"

"Ẹ má bínú, Mama. Ó sọnù nígbà tí mò ń kó lọ sí ilé tuntun ní Beam Park. Ṣebí ó wà lórí wẹ́bùsáìtì?"

Mo na fóònù mi sí i. "Ṣí i."

Ó ṣí i, kò rí nǹkan kan.

"Ah! Mi ò renew owó ọdọọdún ẹ̀, wọ́n ti pa á rẹ́. Láptọ́ọ̀pù mi tí mo fi fọ́tò náà sí ti bàjẹ́. Màá ṣe tuntun fún yín, free."

"Ṣé wàá ṣe ọkọ mi tuntun náà?"

Ó dá fóònù mi padà fún mi.

Ojú ọkọ mi ti ń parẹ́ lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní kí n dárí jì í, kí lẹ fi ń rántí òkú tiyín? Ẹ kọ ọ́ síbí.

Délé, gbèsè ọdún mẹ́ta ni. Dá fọ́tò ọkọ mi padà.