Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Ẹyin Màmá

Ìyàwó Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, wọn kò sì purọ́ mọ́ ọn. Wáyà wà lápò rẹ̀, wáyà wà lábẹ́ ibùsùn, ọkọ rẹ̀ sì ti fẹsẹ̀ kọ wáyà títí kò bínú mọ́. Kọ̀ǹpútà kéékèèké ló ń tò, irú èyí tí kò ní ojú, tí kò ní bọ́tìnnì, tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Nígbà tó tò ó tán tó ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ lò ó, ta ló ní òun fẹ́? Ìyá ọkọ rẹ̀ ni.

Òwò òròmọdìẹ ni màmá ń ṣe. Àpótí ńlá kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí ń fi ooru iná sàba lé ẹyin bí ìyá adìẹ. Kọ̀ǹpútà yìí ló ń ṣọ́ ọ: ọ̀pá ìwọnooru wà nínú àpótí, wáyà rẹ̀ sì wọ ihò USB lára kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, kọ̀ǹpútà á kàn ní òun ò rí ọ̀pá mọ́. Á rí i padà, á tún sọ ọ́ nù. Bí kò bá sì mọ bí ooru ti tó, ṣe ló máa ń pa iná àpótí, kí ẹyin má baà jinná. Ẹyin tí otútù bá mú pẹ́, kò ní pa mọ́ láé. Ó sì kù díẹ̀ kí ẹyin inú àpótí pa. Bí wọ́n bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ, ẹ sọ fún mi, ojú wo ni yóò fi wọ ilé náà mọ́?

Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó rántí pé Líńúksì, ètò tí kọ̀ǹpútà náà fi ń ṣiṣẹ́, ní ìwà ahun kan: bó bá rí ohun tó jókòó sí ihò USB láìṣe nǹkan, á ní kó sùn, kí iná má ṣòfò. Ó pàṣẹ fún un pé oorun ti dópin. Ó wọn iná, iná pé. Nígbà tó bá jókòó tì í, ẹ̀rọ á ṣe jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó rí olùkọ́. Bó bá ti dé ilé ara rẹ̀ báyìí, fóònù rẹ̀ á ké, kọ̀ǹpútà ló ń ránṣẹ́ sí i: ọ̀pá tún ti lọ. Kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń fura sí.

Ohun kan wà tí kò rò. Ìyàwó rere kì í já lu ìyá ọkọ lójijì. Ó máa ń pè kó tó wá. Màmá náà kì í gbàlejò nínú ìdọ̀tí. Bó bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, á gbálẹ̀, á nu àpótí, á kó gbogbo pálapàla kúrò.

Lọ́jọ́ kan fóònù ké, ó bá a nítòsí ibẹ̀, kò sì ráyè pe ẹnikẹ́ni. "Màmá, ẹ má bínú o!" ló ń wí tó fi já sí yàrá ẹ̀yìn. Ó dúró. Fáànù kékeré kan ń yí fìrìfìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ihò USB kejì ló sì ti ń fa iná. Iná tí ìbá tó ọ̀pá, fáànù ti gbé e mì.

"Màmá, ta ló gbé eléyìí síbí?"

"Èmi ni. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn lọ́sàn-án, ara ẹ̀ gbóná. Mo ní háà, ibà! Ni mo bá ra fáànù fún un."

"Kí ló dé tí mi ò rí i rí?"

"Ṣé kí n jẹ́ kí o bá pálapàla nínú yàrá mi ni? Tí o bá ti pè, mo máa ń yọ ọ́."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé bí fáànù ṣe ń jẹ oúnjẹ ọ̀pá. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo fẹ́ẹ̀ ba ẹyin ara mi jẹ́? Mo rò pé tí ẹ̀rọ yẹn bá kú, wọ́n á ní ìyàwó mi ò mọṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyàwó. Omi lé ròrò sí i lójú. Ìtìjú tó ń bẹ̀rù níwájú obìnrin yìí, òun náà ni obìnrin yìí ń fi fáànù lé jìnnà sí i.

Kò gbé fáànù jù nù. Kọ̀ǹpútà ò nílò rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tí ara rẹ̀ kì í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Síbẹ̀ ó ra ṣájà fún fáànù, ó tì í bọ ihò iná ara ògiri, kó máa jẹun tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pá ò lọ mọ́. Nígbà tí ẹyin pa, igbe òròmọdìẹ gba gbogbo yàrá. Aládùúgbò kan yọjú, ó béèrè ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ wọn.

"Ìyàwó mi ló ṣe é," màmá dáhùn, ó tún fáànù dojú kọ ẹ̀rọ náà dáadáa. "Àwa méjèèjì la jọ ń tọ́jú ẹ̀."