Ilé Òkúta Òkun tí Asiya Ń Tọ́jú

Ilé náà ti wà láti ayé tí àwọn Tọ́ọ̀kì ń ṣàkóso ìlú Jẹ́dà. Òkúta inú òkun ni wọ́n fi mọ ọ́n, èyí tó ní ihò wínníwínní bí afárá oyin. Àwọn fèrèsé onígi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹni hun agbọ̀n yọ síta lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Oníṣòwò tùràrí kan ló kọ́ ọ sí àárín Jẹ́dà àtijọ́. Nígbà tó yá, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun lápá àríwá ìlú, wọ́n fi Asiya ṣọ́ ilé.

Asiya kì í ṣe ọmọ wọn. Ìyá rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn láti Ìwó, tó la Sudan kọjá wá ṣe Hájì, tó bí i sí Mẹ́kà, tó sì kú síbẹ̀. Inú ilé oníṣòwò náà, tó gbà á tọ́, ló dàgbà sí. Òun ló pọn Abdulateef, àrólé wọn, orin Yorùbá ló sì fi ń rẹ̀ ẹ́ sùn. Dádà ni Abdulateef ń pè é títí di àgbà, bí wọ́n ṣe ń pe olùtọ́jú ọmọ níbẹ̀.

Èèyàn inú rẹ̀ ló ń mú irú ilé bẹ́ẹ̀ dúró. Òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, amọ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Bí òjò bá ṣú, Asiya a mú ìgbálẹ̀ gun òkè, a gbá yanrìn kúrò lẹ́nu ihò tí omi ń gbà jáde. Bí òjò bá dá, a fi amọ̀ àti ẹfun dí ibi tó bá sán. Bí omi bá dúró lára òkúta yẹn, á yọ́ bíi ṣúgà inú tíì.

Lọ́dún 1996, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Abdulateef wá. Ó mu kọfí tán.

"Dádà, ìjọba ti kọ nọ́ńbà sára ilé yìí. Wọ́n ní ohun àtijọ́ ni, n kò gbọdọ̀ wó o."

"Alhamdulillahi."

"Alhamdulillahi kẹ̀? Ilẹ̀ tó yẹ kí n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù! Ṣùgbọ́n bó bá wó fúnra rẹ̀, ta ló máa mú mi?"

Asiya gbé ife kọfí kúrò níwájú rẹ̀.

"Mi ò ní kí o wó o. Jókòó ni mo ní kí o jókòó. Bí òjò bá ṣú, má gun òkè. Lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ ní àdúgbò Ghulail."

Ìkámà Asiya, ìwé tó fi ń gbé ìlú náà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Abdulateef ló sì ń dúró fún un níwájú ìjọba.

"Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá tún ìkámà rẹ ṣe," ni ó wí. "Mẹ́kà la ó sin ọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ."

Ohun kan ṣoṣo tí Asiya ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Asiya rò ó fún Lìádì, ọmọ Yorùbá tó ń ránṣọ ní Ghulail. Lìádì pòṣé.

"Àlàájà, ẹ sì gbà?"

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, Lìádì."

"Ẹ pọ̀n ọ́n lóòótọ́. Ṣé ó rántí ẹ̀yìn náà? Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó lọ fi ata sẹ́nu!"

"Bí ó bá kọ ìkámà mi, ta ni mo mọ̀ ní Ìwó? Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ ìlú náà."

Lìádì bu oúnjẹ fún un.

Òjò dé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Asiya jókòó sí Ghulail, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ibi tí omi dé: ó ti kún orí òrùlé, ó ti ń jẹ ògiri yàrá tí wọ́n bí Abdulateef sí.

"Ojú kan ni ìka yín wà láti ìgbà yìí o, Àlàájà," ni Lìádì wí.

Ilẹ̀ mọ́, iwájú ilé náà ti dà sí ojú títì, àwọn fèrèsé onígi wà nínú ẹrẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ní í wó o. Èyí tí a fi òkúta òkun mọ, ọmọ onílé ló wó o.

Asiya lọ bá Abdulateef. Ẹnu géètì ló ti dá a lóhùn.

"Ìkámà mi, ọmọ mi."

"Dádà, olùtọ́jú ilé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ilé wo lo tún ń tọ́jú?" Ó na àpò ìwé kan sí i. "Mo ti gba ìwé ìjáde fún ọ, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sí ìlú ìyá rẹ wà nínú rẹ̀."

"O ní ẹ̀gbẹ́ ìyá mi lẹ máa sin mí sí."

"Ti Ọlọ́run ni gbogbo ilẹ̀."

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn-àjò ku ọ̀la, òjò tún ṣú ní Ghulail. Asiya dìde, ó ń fọwọ́ wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ ń wá, Àlàájà?"

"Ìgbálẹ̀."

Lìádì kò gbójú sókè. Ó tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ. Asiya dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà jókòó.